Mọ́tò Aláwọ̀ Ewé Tí Mo Fọ̀ Dànù

Ọjọ́ tí ojú èmi àti Lùkúmọ̀n kọ́kọ́ ṣe mẹ́rin, ṣọ́ọ̀bù wa ní Olódì-Apápá kún débi pé ẹni tó bá gbẹ́sẹ̀ sókè kò ní ríbi gbé e padà. Ọ̀gá mi, Tochukwu, ṣẹ̀ṣẹ̀ já páálí géèmù tòkunbọ̀ tó ti Liverpool Road lẹ́bàá pọ́ọ̀tù Apápá dé ni, gbogbo Ajégúnlẹ̀ sì ti gbọ́. Wọ́n ń fa ara wọn láṣọ, wọ́n ń pariwo, "Èmi ni mo kọ́kọ́ mú u!" Láàrin ariwo yẹn ni ọwọ́ kan yọ lókè orí gbogbo wọn, ó na géèmù àfọwọ́mú dúdú kan sí mi. Mo wo ọwọ́ náà, mo wo ẹni tó ni ín, ojú wa pàdé.

Ẹ gbà mí o! Ojú yẹn balẹ̀ bí ẹni pé èmi nìkan ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Àyà mi já, kì í sì í ṣe ti ẹ̀rù.

"Bọ́tìnnì apá òsì ni ò ṣiṣẹ́," ló wí. "Lùkúmọ̀n lorúkọ mi. Ẹ jọ̀ọ́ sisí, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀ dáadáa."

Mo ní kò séwu. Mo gbà á, mo sì ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi jáde.

Òfin kan ṣoṣo ni Ọ̀gá Tochukwu kì í fi ṣeré: bí o bá ti gba géèmù lọ́wọ́ oníbàárà, lẹ pílásítà funfun mọ́ ọn lẹ́yìn, kí o kọ orúkọ sí i. Èyí tí kò bá ní pílásítà, tòkunbọ̀ ni. Tòkunbọ̀ sì rèé, a gbọ́dọ̀ fọ inú ẹ̀, ká pa gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́, kó tó dórí àtẹ, torí gbogbo ohun tí òyìnbó tó kọ́kọ́ lò ó tọ́jú síbẹ̀ ṣì máa ń wà níbẹ̀. Ọdún méjì ni mo ti ń lẹ pílásítà, n kò gbàgbé rí. Lọ́jọ́ yẹn, ojú ọkùnrin ni mo ń wò. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, èmi Ganiyat, ọwọ́ ara mi ni mo fi fọ géèmù Lùkúmọ̀n mọ́ ti tòkunbọ̀.

Ọjọ́ kejì ló wá ṣàlàyé ohun tó wà nínú ẹ̀ fún mi. Bàbá rẹ̀, Bàbá Sàláwù, fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n wa tírélà láti Apápá lọ sí Ìlọrin. Àrùn rọpárọsẹ̀ wá mú apá ọ̀tún rẹ̀ lọ, wọ́n sì ta tírélà. Géèmù yìí, eré ìje mọ́tò lójú títì ni, o sì lè tún mọ́tò rẹ ṣe bó o bá ṣe fẹ́. Lùkúmọ̀n mú èyí tó ga jù nínú wọn, ó kùn ún láwọ̀ ewé bíi tírélà bàbá rẹ̀, ó fi àwọ̀ ìyeyè dì í láàrin bí ìgbànú, ó gbé táyà ńlá sí i, iná mẹ́rin lórí, ó sì kọ OLORUN O SUN síwájú orí rẹ̀. Àràárọ̀, bí Bàbá bá ti kírun àsùbáà tán, á fi ọwọ́ òsì wa mọ́tò rẹ̀.

"Ibẹ̀ nìkan ni Bàbá mi ti ń rìn," ló wí, ó sì rẹ́rìn-ín. "Ṣé bọ́tìnnì ẹ̀ ti wọlé?"

Mo ní, "Ó... ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Bí irọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bọ́tìnnì tí mo ti pààrọ̀ tán láti àárọ̀!

Èrò mi ni pé n óò tún mọ́tò náà kọ́, kí ó má baà mọ̀ láé. Àṣé géèmù yẹn ò mojú ẹnikẹ́ni. Ọ̀dà ìyeyè wà nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣí ọ̀dà aláwọ̀ ewé fún èèyàn àfi tó bá jẹ ìje méjìlá tẹ̀léra. Èmi tí n ò gun kẹ̀kẹ́ ológeere rí! Ìje kìíní, mo kọlu ògiri. Ìkejì, ògiri kan náà.

Omoefe, tá a jọ ń ṣiṣẹ́, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. "Ganiyat, that wall na your papa house? Every time you go greet am!"

"Fi mí sílẹ̀ jàre."

"Tell the guy true, abeg. Ṣé ó máa pa ẹ́ ni?"

Kò ní pa mí. Kò kàn ní wá mọ́ ni, ikú wo ló tún jùyẹn lọ? Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló máa ń yà láti ọ́fíìsì àwọn kíláríǹ tó ń gba ẹrù jáde ní pọ́ọ̀tù, níbi tó ti ń ṣe akọ̀wé, eruku kọ̀ǹténà lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. "Dókítà bọ́tìnnì, aláìsàn wa ńkọ́?" Ẹ̀rín rẹ̀ ń dùn mọ́ mi, ó sì ń gún mi bí abẹ́rẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo jókòó, mo kọ lẹ́tà sí i. Ojú kan ìwé náà, bí mo ṣe fọ mọ́tò bàbá rẹ̀ dànù. Ojú kejì, bí mo ṣe nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, láìfi ohunkóhun bò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fà á yọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dá a padà sápò. Ìgbà kẹta, ó ti na ọwọ́ tán kó tó sọ pé, "Ní gbogbo àdúgbò yìí, ẹ̀yin nìkan lẹ ò tíì já mi kulẹ̀." Ta ló máa fún un ní lẹ́tà lẹ́yìn irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?

Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ kẹta, mo jẹ ìje mọ́kànlá. Ó ku ẹyọ kan! Mo ti ń wo òpin títì níwájú báyìí ni bátìrì kú. Nígbà tí mo tàn án padà, ìje kìíní ló tún kí mi káàbọ̀. Mo fi orí lé tábìlì, mo sunkún bí ẹni tí wọ́n já sílẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, kẹ̀kẹ́ Márúwá kan dúró níwájú wa. Dírẹ́bà rẹ̀ fa bàbá àgbà kan sọ̀kalẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́ nílẹ̀, kẹ́tù àlùwàlá àti búrẹ́dì wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì.

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ sà. Kí lẹ fẹ́ rà?"

"N ò ra nǹkan kan. Sàláwù ni mí. Mo wá jókòó ti mọ́tò mi."

Gbogbo ará Apápá ló mọ àṣà àwọn onítírélà: dírẹ́bà kì í fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún mẹkáníìkì kó lọ sùn sílé. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ló máa tẹ́ ẹní sí títí ẹ́ńjìnì yóò fi dún.

Ọ̀gá Tochukwu ní, "Bàbá, ẹ máa lọ ilé, àwa máa pe yín."

"Ọ̀gá, ẹ má ṣèyọnu, mo gbé oúnjẹ dání. Ọmọ mi ló ní sùúrù, ìyá ẹ̀ ló fi jọ." Ó yíjú sí mi. "Ìwọ ni Ganiyat tó ń ròyìn? Gbé e wá kí n rí ibi tí iṣẹ́ dé."

Kí ni n óò ṣe? Mo gbé e wá. Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó jìnnà sí i, ó tún sún mọ́ ọn. Mọ́tò funfun, ìyeyè láàrin, kò sí ohun tó wà lórí ẹ̀.

"Ta ló kun èyí? Àwọ̀ ewé mi dà?"

Mo wo ilẹ̀.

"Mo ti rí mẹkáníìkì tó ń parọ́ rí, ọmọ mi," ló wí jẹ́ẹ́. "Kì í wo mọ́tò, kì í wo dírẹ́bà. Táyà ló máa ń wò."

Omijé bọ́ lójú mi. Mo ti ọwọ́ bọ àpò, mo fa lẹ́tà náà yọ. LÙKÚMỌ̀N ni mo kọ sí i lókè gàdàgbà. Mo rò ó pé kí n ya apá kejì kúrò, ṣùgbọ́n ìwé kan náà ni, iwájú àti ẹ̀yìn.

"Ọ̀rọ̀ mọ́tò mi wà níbẹ̀ àbí kò sí?"

"Ó wà níbẹ̀, sà."

"Ó tún ní nǹkan mìíràn nínú?"

Omoefe wúkọ́ lẹ́yìn mi.

Bàbá gbé ọ̀rá sílẹ̀, ó na ọwọ́ sí mi. "Mú un wá kí n bá ẹ fún Lùkúmọ̀n. Má bínú, ọwọ́ òsì ló kù mí kù."

Mo tún kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé lẹ́tà náà lé e lọ́wọ́.