Ẹ̀kùrọ́ Kejìdínlógún

Lónìí, ahoro ni kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tí mo lọ ní Ẹdẹ. Ewúrẹ́ ló ń sùn nínú gbọ̀ngàn rẹ̀. Nígbà tí mo wà níbẹ̀, rélùwéè ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú wa ni. Èmi Ìyàndá, ọmọ Ògúndèyí àgbẹ̀, ti ń wọ bàtà. Bí ẹ kò bá pè mí ní "Tíṣà", n kò ní dá yín lóhùn. Òmùgọ̀ gbáà ni mí.

Ìdánwò ìkẹyìn wa ni pé kí a lọ kọ́ àwọn ọmọ abúlé fún oṣù kan, kí Ọ̀gá òyìnbó wá wò wá. Ẹni tó bá fìdí rẹmi, ọkọ́ àti àdá ń dúró dè é nílé. Abúlé kan lọ́nà ìlú Ara ni wọ́n rán mi lọ.

Lọ́jọ́ kan, mo nàka sí àwọn ọmọ náà níkọ̀ọ̀kan, mo kà wọ́n sókè ketekete: mẹ́tàdínlógún. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kíláàsì ṣófo. Ta ni kò mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ? Ìyá tó bí mi kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà wá rí. Ìgbéraga ló mú mi gbàgbé.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí Ọ̀gá dé. Mo bọ́ bàtà, mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Fọlákẹ́, ẹni tó kọ́kọ́ fa ọmọ rẹ̀ jáde.

"Gbogbo àwọn tí mo bí ṣáájú Fọlákẹ́, ilẹ̀ ti gbà wọ́n lọ́wọ́ mi," ó wí. "Òun náà lo wá ń nàka sí?"

Omi bọ́ lójú mi. "Ẹ dákun, ìyá. Kí kálukú máa mú ẹ̀kùrọ́ kan wá láràárọ̀, kó sọ ọ́ sínú igbá. Ẹ̀kùrọ́ ni n ó máa kà."

Ó ní kí n dìde. "Ìyẹn ṣe é gbọ́."

Ọjọ́ ìdánwò pé, àwọn ọmọ dé. Mo ka ẹ̀kùrọ́ níwájú Ọ̀gá: méjìdínlógún. Ọ̀gá, tó gbọ́ Yorùbá díẹ̀, ka síléètì tó wà lọ́wọ́ wọn: mẹ́tàdínlógún. Ó mú gègé ìkọ̀wé rẹ̀.

"Ìyàndá, o kò mọ ìṣirò."

Mo tún nawọ́ sínú igbá láti kà wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Ó mọ̀ ọ́n," ẹnìkan wí láti ẹnu ọ̀nà. Ìyá Fọlákẹ́ ni. Ó wọlé, ó jókòó ti ọmọ rẹ̀. "Ọ̀kan tó lé yẹn, tèmi ni, mo fi rán ọmọ mi. Èmi náà fẹ́ mọ̀wé."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo yege. Mo gbé síléètì tèmi fún Ìyá Fọlákẹ́. Síléètì náà wá pé méjìdínlógún.