Ẹni Tí Fọlárìn Tẹríba Fún

Bí ẹ bá bi mí, màá ní ìjà kì í ṣe iṣẹ́ ọmọlúàbí, ìbáà ṣe èyí tí wọ́n ń kọ́ ní kíláàsì. Ṣùgbọ́n Fọlárìn àbúrò mi kò bi mí. Ọdún kejì tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ n'Íbàdàn, ló bá gbé àpótí kan àti bẹ́líìtì dúdú káráàtè padà wá sí Ìkẹ́rẹ́. Ọ̀gá iléèwé tí mo ti ń ṣe tíṣà yá a ní gbọ̀ngàn lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, àwọn òbí kan sì fi ọmọ ránṣẹ́. Ohun tó ń rí níbẹ̀ ló ń jẹ. Inú ìyá wa dùn pé ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí òun bí ti ń sùn sílé.

Dúrójayé ló fẹ́ ba nǹkan jẹ́. Ó ń ru pákó ní sọ́míìlì, kò kọ́ ìjà lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó dá a rí. Á fi orí kàn ọ́, á bu yẹ̀pẹ̀ sí ọ lójú. Lọ́jọ́ kan ó yọjú ní fèrèsé gbọ̀ngàn, ó rí àwọn ọmọ tí wọ́n ń gbá afẹ́fẹ́ lẹ́ṣẹ̀ẹ́, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n Fọlárìn, afẹ́fẹ́ kì í gbẹ̀san o! Ẹ jẹ́ á jáde sí pápá, ká mọ ujà tó jẹ́ ujà."

Ọ̀rọ̀ di ti ìlú. Àwọn òbí ní àwọn ò ní fi ọmọ sọ́dọ̀ tíṣà tí aláàárù pákó lè gbé ṣánlẹ̀. Bí Fọlárìn bá kọ̀, wọ́n á ní ojo ni. Bí wọ́n bá sì dá a, ó di Ìbàdàn nìyẹn, kí ìyá wa tún máa wo ọ̀nà. Ó ní òun á jà. Inú bí mi, mi ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi di Sátidé tí wọ́n fi ìjà náà sí.

Pápá iléèwé kún fọ́fọ́. Dúrójayé ti bọ́ ẹ̀wù sílẹ̀. Fọlárìn wọ aṣọ funfun tí ìyá wa lọ̀ fún un, ó rìn dé iwájú rẹ̀, ó pa ẹsẹ̀ pọ̀, ó sì tẹríba.

Èmi mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ káráàtè. Ta ló sọ fún àwọn tó kù? Ní kékeré, Fọlárìn ló máa ń pọn Dúrójayé nígbà tí ìyá Dúrójayé bá lọ oko. Kí irú ẹ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀ wá tẹríba fún un? Àwọn èèyàn kígbe èèwọ̀. Dúrójayé tí kò bẹ̀rù ẹ̀ṣẹ́ bẹ̀rù ìyẹn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun! Kí ni mo ṣe yín? Ẹ mọ́ fi mí bú!"

Ó dìde. Wọ́n ti kọ́ Fọlárìn pé ẹni tó bá bọ̀wọ̀ fún ọ, o gbọ́dọ̀ dá a padà, ló bá tún tẹríba. Dúrójayé tún dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀rín gba pápá kan. Bàbá Akínwùmí, alàgbà ìjọ wa, bọ́ sáàárín wọn.

"Ẹ lọ ulé. A kì í lu ẹni tó dọ̀bálẹ̀."

Àwọn kan sáré wá gbé Fọlárìn sókè pé ó ti borí. Ó já ara rẹ̀ gbà. "Mi ò borí ẹnikẹ́ni. A ò jà." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ ọ létí! Ta ló bi í? Ṣùgbọ́n nígbà tí a délé, kò lè di kọ́ọ̀bù omi mú.

"Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀gbọ́n mi," ló wí. Ìbínú mi rọ̀, mo sì bá a di kọ́ọ̀bù náà mú.

Ní ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè, ìwọ̀nba ọmọ díẹ̀ ló wá. Àwọn òbí kan dúró sí fèrèsé, wọn ò tíì mọ èyí tí wọn ì bá ṣe. Dúrójayé wọlé, gbogbo ọmọ fà sẹ́yìn. Ó ká fìlà rẹ̀ mọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, sísá ni àwọn èèyàn ń sá fún mi. Kò sẹ́ni tó tẹríba fún mi rí." Ó kọjú sí Fọlárìn. "Ẹ kọ́ mi ní tiyín."

Fọlárìn ní ẹni tuntun ẹ̀yìn ló ń dúró sí. Dúrójayé lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Glory, ọmọbìnrin kan tí orí rẹ̀ kò kọjá ìgbànú ọkùnrin náà. Nígbà tí wọ́n kọjú síra, Glory tẹríba fún un. Dúrójayé tún fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó sì kó ara rẹ̀ jọ. Ó pa ẹsẹ̀ pọ̀, ó rọra tẹríba fún ọmọ náà, omijé rẹ̀ sì ń kán bọ́ sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín ní fèrèsé. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, àwọn òbí náà dá àwọn ọmọ wọn padà sí kíláàsì.