Ìrísí Òòfà Dókítà Sùnmọ́nù

Ọjọ́ kejì tí wọ́n sin Dókítà Sùnmọ́nù ni lẹ́tà rẹ̀ dé. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ló kú sílé ní Mushin, wọ́n sì ti sin ín kí wọ́n tó kírun Alásàrí, bí ẹ̀sìn ṣe ní kó rí. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà gbé àpòòwé kan tó ní sítáǹbù òkè òkun sórí tábìlì Shakirat, táípíìsì tó ti ń bá Dókítà ṣiṣẹ́ ní Yaba láti ọdún márùn-ún.

Àwọn tó ń tẹ ìwé ìwádìí jáde ló kọ ọ́. Wọ́n ti gba iṣẹ́ Dókítà. Wọ́n ní àwọn kan tó ní ẹ̀rọ ńlá fẹ́ lo odidi ọdún kan láti dán ohun tó rí wò. Kó ṣáà fi gbogbo nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́.

Ọdún mọ́kànlá ni Dókítà fi retí irú lẹ́tà yẹn.

Iná bíi ti oòrùn ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ẹgbẹ́ rẹ̀ káàkiri ayé ń wá bí wọ́n ṣe máa dá. Kò sí irin tó lè gba irú iná bẹ́ẹ̀ láìyọ́, nítorí náà agbára òòfà ni wọ́n fi ń há gáàsì gbígbóná náà mọ́ àárín, kó má baà kan ògiri. Ṣùgbọ́n gáàsì náà kì í dúró jẹ́ẹ́. Ó ń ru, ó ń yí, ìrúkèrúdò rẹ̀ a sì máa kó ooru jáde títí iná á fi kú. Dókítà gbà pé ìrísí òòfà náà ló wà nídìí ọ̀rọ̀. Bó bá rí róbótó, gáàsì á ru. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ kó rí bíi lẹ́tà D tí wọ́n kọ sódì, rírú náà á rọlẹ̀.

Teslim, àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ káfíńtà, kò yé fi í ṣẹ̀fẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. "Bọ̀dá mi, iná yín yìí, ṣé ó lè se ẹ̀wà? Ó mà ti pẹ́ tí ẹ̀wà ti wà lórí ìdáná o."

Nígbà tí Shakirat gbé lẹ́tà náà dé Mushin, Àmúdàtù, ìyàwó Dókítà, gbé e lé àyà. Lẹ́yìn náà ló ní kí àáfà kà á níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, létí gbogbo ẹbí.

Ọjọ́rú ni Shakirat bẹ̀rẹ̀ sí í kó nọ́ńbà tí wọ́n béèrè jọ. Kọ̀ǹpútà ni òun àti Dókítà fi ń ṣírò bí gáàsì ṣe máa ru nínú ìrísí òòfà kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà wọn kò lè rántí nǹkan kan bí NẸ́PÀ bá mú iná lọ. Nítorí náà, ní gbogbo ìdajì wákàtí, ó máa ń da nọ́ńbà ojú rẹ̀ kọ sínú ìwé. Bí iná bá dé, á tẹ àwọn tó kẹ́yìn padà sínú rẹ̀, iṣẹ́ á sì máa lọ. Ìrísí kọ̀ọ̀kan ló ní ìwé tirẹ̀.

Nínú ìwé D tó kọjú sódì, ó rí ìlà kan tó dà bí èyí tó ti rí rí. Ó ṣí ìwé róbótó. Nọ́ńbà kan náà ni, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó rántí ọ̀sán náà. Iná ti lọ, ó jókòó sí ojú fèrèsé pẹ̀lú ìwé ìtàn kan tó yá, ọkàn rẹ̀ sì ti rìn jìnnà. Nígbà tí iná dé, ìwé tí ọwọ́ rẹ̀ kàn ló ṣí. Nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ ti róbótó, ti ìgbà tí gáàsì kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ru, ló tẹ̀ sínú iṣẹ́ D. Ìyẹn ni Dókítà rí tó fi rò pé rírú ti rọlẹ̀.

Ó tún ṣe iṣẹ́ D náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe é. Gáàsì náà ru bó ṣe ń ru nínú àwọn ìrísí yòókù. Kò sí ìyàtọ̀ kankan.

Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ó lè fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́ bó ṣe wà. Àwọn èèyàn òkè òkun á sì fi ọdún kan wá ohun tí kò sí, wọ́n á ní ará Nàìjíríà kan ló jókòó fi orí ara rẹ̀ hùmọ̀ nọ́ńbà.

Ní ọjọ́ Àìkú, ó lọ sí Mushin. Teslim pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó fi lẹ́tà náà hàn án nínú férémù tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn.

"Shakirat, ẹ̀wà ti jinná o," ló wí, omijé sì lé sí i lójú.

Àmúdàtù wà lórí ẹní nínú yàrá, torí opó kò gbọdọ̀ jáde. Shakirat kúnlẹ̀, ó sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, títí kan ìwé ìtàn tó ń kà. Obìnrin náà kò sọkún. Ó bi í bóyá Dókítà mọ̀ kó tó kú. Shakirat ní kò mọ̀.

"Ta ló tún mọ̀?"

"Èmi nìkan, Àǹtí."

"Jẹ́ kí wọ́n kà á lọ́la. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tó bá wù ẹ́ ni kóo ṣe."

Shakirat gbé ojú sókè.

"Kò ṣeé ṣe, Àǹtí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kà á. Láàárọ̀ ọ̀la ni màá kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n má tẹ iṣẹ́ náà jáde, màá sì sọ fún wọn pé èmi ni mo ṣe àṣìṣe, kì í ṣe Dókítà."