Ẹni Tó Wà Lára Ògiri

Ọdún mẹ́fà ni Bàbá àti àbúrò mi ọkùnrin kò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bàbá ló lé e jáde nílé. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ẹnu mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó kó tó gbà láti wá ya fọ́tò ẹbí ní pálọ̀ wọn. Ó ní ẹyọ kan péré, òun á sì máa lọ.

Bàbá jókòó síwájú, Màmá àti àwọn ọmọ mi dúró tì wọ́n. Àbúrò mi lọ lẹ̀ mọ́ ògiri ẹ̀yìn, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́. Èmi tí mo ti ń fi fọ́tò jẹun láti ogún ọdún, ta ni yóò kọ́ mi níṣẹ́? Mo ṣí ihò lẹ́ńsì sílẹ̀ gbayawu, mo gbé e sí nọ́ńbà méjì, bí mo ṣe máa ń ṣe fún ìyàwó ọ̀ṣìngín, mo tẹ̀ ẹ́.

Àbúrò mi wá wò ó. Irùngbọ̀n Bàbá hàn débi pé èèyàn lè kà á. Òun fúnra rẹ̀ rí bàìbàì bí èéfín.

"Àǹtí, ẹ ṣeun o. Ẹ ti fi ipò mi nínú ilé yìí hàn mí."

"Padà síbi tí o dúró sí! Lẹ́ńsì ló ṣe é, kì í ṣe èmi."

Irọ́ ni. Èmi ni mo yan méjì, tó máa ń fi ẹni iwájú nìkan hàn kedere, inú ara mi sì ń bí mi. Ó padà sára ògiri.

Bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga sí i ni ihò lẹ́ńsì ń kéré sí i. Tí mo bá dín ihò náà kù dé nọ́ńbà méjìlélógún, iwájú àti ẹ̀yìn á jọ hàn, ṣùgbọ́n àṣejù, baba àṣetẹ́: ihò tó bá kéré jù kì í jẹ́ kí ohunkóhun mọ́ kedere. Mẹ́jọ ni lẹ́ńsì mi ti ń ríran jù. Ní mẹ́jọ náà, ògiri yẹn ṣì jìnnà, pálọ̀ náà kò sì mọ́lẹ̀ tó. Kámẹ́rà á ní láti lajú pẹ́, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ Bàbá ń gbọ̀n láti ìgbà àìsàn wọn.

"Kí lò ń kùn sí?" Bàbá bi mí.

"Ó jìnnà jù ni, Bàbá. Àfi tó bá súnmọ́ yín."

Bàbá wo ilẹ̀ títí.

"Èmi ni mo lé e débẹ̀," wọ́n ní. "Ọmọ mi, máa bọ̀ níbí."

Ó pẹ́ kó tó kúrò lára ògiri. Ó ti kọ́kọ́rọ́ bọ àpò, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó sì di ọwọ́ tó ń gbọ̀n náà mú. Mo gbé e sí mẹ́jọ.

"Ẹ má mira o, ó máa pẹ́ díẹ̀."

"Kó pẹ́," Bàbá ní, wọn kò tilẹ̀ wo kámẹ́rà. "Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń retí rẹ̀."