Kéèkì Tí A Da Omi Gbígbóná Lé Lórí

Alàgbà Josiah, mánéjà ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ní Ìrókò, ti sọ ọ́ lójú gbogbo òbí: bí Mísì Àrínọlá kò bá lè yan kéèkì kan ṣoṣo lọ́jọ́ Ẹtì, òun yóò ti kíláàsì ìdáná tó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin. Ó ní kò sí ààrò búrẹ́dì ní abúlé, kí ni wọ́n fẹ́ fi yan án? Kí àwọn ọmọ náà kúkú máa ro oko ilé ẹ̀kọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ni Àrínọlá. Ọdún kejì òmìnira ni, mo wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ rẹ̀ láti Yunifásítì. Ó gbé páálí kan kalẹ̀ níwájú mi: ìyẹ̀fun kéèkì oní-ṣokoléètì tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Olúfúnmi fi ránṣẹ́ láti ìlú òyìnbó.

"Kà á sí mi létí. Iná ti ń jó."

Páálí náà ní kí a po ìyẹ̀fun pẹ̀lú mílíìkì àti bọ́tà, kí a dà á sínú abọ́, kí a wọ́n ṣúgà àti kòkó lílọ̀ sórí rẹ̀. Títí débẹ̀, ó yé mi. Àmọ́ lẹ́yìn náà, ó ní kí a da omi gbígbóná lé gbogbo rẹ̀ lórí, kí a má sì rò ó pọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ṣì í kọ ni. Omi yìí á sọ ọ́ di ẹ̀kọ mímu. Ẹ jẹ́ ká da ìdajì."

"Ṣé ìwọ lo kọ ọ́ ni?"

"Rárá o. Ṣùgbọ́n ibo ni omi náà fẹ́ gbà?"

"Tó bá débẹ̀, kó o bi í."

Ó da gbogbo rẹ̀. Ó ti da iyanrìn gbígbẹ sísàlẹ̀ ìkòkò irin ńlá kan tó wà lórí iná. Ó gbé abọ́ lé e, ó dé e pa, ó sì kó ẹ̀yinná lé orí ọmọrí rẹ̀.

Àwọn òbí ti pé sí àgbàlá. Mùjíbátù, ìyàwó Lìádì àgbẹ̀ kòkó, tí ọmọ rẹ̀ wà ní kíláàsì náà, bú sẹ́rìn-ín.

"Mísì, iná lókè, iná nísàlẹ̀! Kí ni kéèkì yìí ṣẹ̀ yín?"

Nígbà tí a ṣí ìkòkò, òórùn ṣokoléètì gba gbogbo àgbàlá. Ojú kéèkì ti gbẹ, ó sán díẹ̀. Àmọ́ nígbà tí Àrínọlá ti ṣíbí bọ̀ ọ́, omi dúdú kan tó ki rú jáde láti ìsàlẹ̀.

"Ó ti ya omi!" Mùjíbátù pariwo. "Ẹ tètè dá a padà síná!"

Kò sí obìnrin kan níbẹ̀ tí kò mọ̀ pé mọ́ínmọ́ín tó bá ń ṣomi nísàlẹ̀ kò tíì jinná. Àwọn méjì ti mú àkísà láti gbé abọ́ náà padà. Alàgbà Josiah rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin náà rí i. Ọ̀rọ̀ parí."

Àrínọlá dúró sáàárín wọn àti ìkòkò.

"Ẹni tó bá dá a padà síná, kó kọ́kọ́ gbé èmi náà síbẹ̀! Omi yẹn la fi ń jẹ ẹ́."

Ó da abọ́ náà dojú dé sórí tírè. Omi dúdú náà ṣàn bo kéèkì láti òkè délẹ̀. Mo la ẹnu sílẹ̀. Omi tí a dà sórí ti gba inú ìyẹ̀fun kọjá lọ sísàlẹ̀, ó sì kó kòkó àti ṣúgà dání.

Lìádì ló kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.

"Kòkó ni wọ́n fi ṣe èyí? Irú èyí tí à ń sá sórí ẹní?"

"Òun ni, Bàbá."

"Ó korò díẹ̀." Ó tún na ọwọ́. "Ẹ bù sí i."

Alàgbà Josiah kò fọwọ́ kàn án. "Páálí òyìnbó ló ṣe é, kì í ṣe Mísì. Bí páálí bá tán ńkọ́?"

Àrínọlá fa páálí náà ya, ó jù ú síná.

"Ó ti tán, sà. Ìyẹ̀fun àti ṣúgà wà lọ́jà Ṣáṣá. Kòkó wà lẹ́nu ọ̀nà yín, a ó yan án, a ó sì lọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ Ajé, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ìkòkò wá."

"Ta ló fún yín láṣẹ?"

"Ọmọ tèmi á mú ìkòkò wá," Lìádì dá sí i, ṣokoléètì ṣì wà ní irùngbọ̀n rẹ̀. "Alàgbà, tí ẹ bá ti kíláàsì, àgbàlá mi tóbi."

Alàgbà Josiah dé fìlà rẹ̀. Ó ní ìgbìmọ̀ ìjọ yóò gbọ́.

"Kí wọ́n wá jẹ ẹ́ o," ni Àrínọlá wí, ó sì ń bù ú fún àwọn ọmọ.