Ẹni Tó Fọ Pọ́ǹpù Lórí Àpáta

Ní gbogbo ìlú Ọ̀rà, Akínlabí ló kọ́kọ́ pariwo pé kí ẹnikẹ́ni má fọ pọ́ǹpù oògùn apakoríko lórí àpáta mọ́. Orí àpáta yẹn làwọn obìnrin ń sá láfún sí. Òun náà ló kó àwọn àgbẹ̀ jọ tí wọ́n gbẹ́ kòtò sísàlẹ̀ oko fún fífọ pọ́ǹpù, òun ló sì fọwọ́ sí ìwé òfin gẹ́gẹ́ bí alága ẹgbẹ́ àgbẹ̀. Ọkùnrin náà fẹ́ràn òfin jù. Nínú ilé rẹ̀ pàápàá, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan oúnjẹ ọ̀sán kí òun tó dé láti gbàdúrà sí i. Bí ebi fẹ́ pa yín, ẹ dúró.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ajé, ìpàdé ń dúró dè é ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ fi í jẹ díákónì. Kòtò jìnnà, àpáta sì wà lẹ́bàá ọ̀nà. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó da oògùn tó ṣẹ́kù sí igun àpáta kan, ó ṣan pọ́ǹpù síbẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ó ní òjò á fọ̀ ọ́.

Òjò ò rọ̀. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ, bó ṣe ń gun alùpùpù gba ibẹ̀ kọjá lọ sóko, ó rí èérún láfún funfun ní igun yẹn gan-an. Ó bi ìyá kan tó ń tẹ́ ẹ̀gẹ́ sí òdìkejì pé ta ló sá láfún síbẹ̀.

"Ìyá Tàófíìkì ni," ni ìyá náà wí. "Ó ti kó o lánàá, ó ti lọ̀ ọ́. Ṣé ẹ mọ̀ pé òní ni fídáù bàbá wọn?"

Ta ni kò mọ̀? Jàmíátù, ìyá Tàófíìkì, ògiri kan ló là á láàárín òun àti Akínlabí. Láti òwúrọ̀ ni wọ́n ti ń ta tapólì sójúde rẹ̀.

Akínlabí kúnlẹ̀ sídìí igi káṣú kan. Ó ní, "Olúwa, ìwọ tó ń bá mi rìn lójoojúmọ́, mo gbà ọ́ gbọ́. Sọ oògùn náà di omi nínú ikùn wọn." Ó ṣe àmín. Ìgbàgbọ́ ló pe ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ni. Kò fẹ́ kí wọ́n fi òun ṣẹ̀sín kó tó di ọjọ́ Àìkú, ló bá fẹ́ kí Ọlọ́run bá òun ṣe iṣẹ́ tó yẹ kí òun fi ẹnu ara òun ṣe. Ó dìde kó máa lọ sóko, ó tún yí padà. Ó kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tún dìde. Oòrùn ń gòkè. Àwọn èèyàn máa tó jẹun.

Ó fò sórí alùpùpù rẹ̀. Lójú ọ̀nà ló ti to ohun tó máa sọ: ẹnì kan ti fọ pọ́ǹpù síbẹ̀. Irọ́ kọ́ nìyẹn. Àbí òun kì í ṣe ẹnì kan ni?

Nígbà tó dé ojúde Jàmíátù, Àlùfáà Sànúsí ti parí àdúrà. Wọ́n ti ń bu ọkà láfún sínú abọ́, àwọn àlejò ń fọwọ́.

"Ẹ dúró!" Akínlabí pariwo. "Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹ́!"

Jàmíátù yọjú láti ìdí ìkòkò, orógùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Bàbá Ọ̀rẹ́, kí ló dé?"

"Oògùn apakoríko wà níbi tí ẹ sá láfún sí. Ẹnì kan... ẹnì kan fọ pọ́ǹpù síbẹ̀."

Ariwo ta. Àlùfáà Sànúsí gbọ́wọ́ sókè. "Ta ni ẹni náà, Akínlabí? Dárúkọ rẹ̀."

Kó tó lanu, gbogbo ojú ti yí sí Àsíìsì, àgbẹ̀ kan tí ẹgbẹ́ bá wí lọ́dún tó kọjá nítorí irú ẹ̀ṣẹ̀ kan náà. "Wàláì, èmi kọ́!" ni Àsíìsì ń wí, ṣùgbọ́n ẹnì kan ti di ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ mú.

Bí Akínlabí bá dákẹ́ báyìí, ó ti bọ́. Oúnjẹ náà ò ní pa ẹnikẹ́ni mọ́, orúkọ rẹ̀ á sì mọ́. Ó bẹ Ọlọ́run lẹ́ẹ̀kan sí i nínú ọkàn rẹ̀, kì í ṣe pé kó bo òun lọ́tẹ̀ yìí, kó ṣáà má fi òun sílẹ̀ ni.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ló wí. "Èmi ni."

Jàmíátù ń wò ó, omi ń gbára jọ sí i lójú. "Ẹ̀yin, Bàbá Ọ̀rẹ́? Ẹ̀yin tí ẹ ṣòfin? Oúnjẹ fídáù bàbá mi!" Lójijì ni orógùn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Yé! Abọ́ àkọ́kọ́! Ilé yín ni mo kọ́kọ́ gbé e lọ, bí bàbá mi ti máa ń ṣe!"

Akínlabí ò gbọ́ ìyókù. Ó sáré, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣẹ́kù sójúde, ó fi èjìká ti ilẹ̀kùn ilé rẹ̀.

Fọláyẹmí, ìyàwó rẹ̀, jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú Ọ̀rẹ́olúwa, ọmọ wọn obìnrin. Ọkà láfún wà níwájú wọn, wọ́n ti bu ọbẹ̀ sí i. Ọmọ náà ti fọwọ́, ó káwọ́ gbera, ó fajú ro.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè gbàdúrà," ló wí. "Ebi ń pa mí, Mọ́mì ò sì jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án."

Akínlabí gbá abọ́ náà mọ́ra, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ọbẹ̀ ń dà sí i láyà. "Ẹ má jẹ ẹ́," ló wí. "Oògùn wà níbẹ̀."

"Ta ló fi oògùn sí i?" ni Ọ̀rẹ́olúwa béèrè.

Ó gbójú sókè wo ọmọ rẹ̀. Ìgbà kejì rèé lọ́jọ́ náà, ó sì nira fún un ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Èmi ni," ló wí.