Ohun Tí Wọ́n Kọ́ Ọmọ Náà

"Tún un sọ," ni bàbá wí.

Ọmọbìnrin náà wo ìyá rẹ̀. Táwẹ́ẹ̀lì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, irun orí rẹ̀ kò sì tíì gbẹ. "Ó gbé mi jáde nínú kànga ni, Dádì."

"Rárá. Ó tì ọ́ ni. Tún un sọ."

Ẹnu ilẹ̀kùn ni ìyá dúró sí. Ó mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Ọkọ rẹ̀ ló ṣí kànga ilé ìwé aládàáni wọn láàárọ̀, ó fẹ́ yẹ ẹ̀rọ tó ń fa omi wò. Fóònù dún, ó gbàgbé láti dá ìdérí rẹ̀ padà. Ọmọ ń sá eré lọ, ó já sínú omi. Aṣọ́nà wọn, akólòlò tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń pè ní Bàbá Jẹ́jẹ́, ló bẹ́ tẹ̀lé e tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀. Nígbà tí àwọn ènìyàn fi máa sáré dé, orí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n bá a, ó di ọmọ mú, ó ń sunkún bí ẹni tó bí i.

"Bí àwọn òbí bá gbọ́ pé èmi ni mo ṣí i sílẹ̀," ọkọ rẹ̀ sọ fún un ní kọ̀rọ̀, "ta ni yóò tún fa ọmọ lé wa lọ́wọ́?"

"Òun ló gba ọmọ wa là, Bàbá wọn."

"Mo mọ ọ̀gá ọlọ́pàá. Bí wọ́n bá tiẹ̀ mú aṣọ́nà náà, wọn kò ní pẹ́ fi í sílẹ̀. Ìwọ ṣáà pa ẹnu mọ́."

Ó pa á mọ́.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, aṣọ́nà tiraka títí, "m-m-mo" nìkan ló ń jáde. Ọlọ́pàá kan rẹ́rìn-ín: "Irọ́ ti há a lọ́fun." Nígbà tí wọ́n mú ọmọ wọlé, tí aṣọ́nà rí i pé ó ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, ojú rẹ̀ tàn, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọmọ wolẹ̀. "Ó tì mí," ló wí. Ẹ̀rín náà kò tètè kúrò lójú aṣọ́nà, àfi bí ẹni tí kò tíì gbọ́.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò lé e bá. Aṣọ́nà kò lè dúró dè é. Omi kànga ti wọ̀ ọ́ láyà, ilẹ̀ àtìmọ́lé sì tutù. Ikọ́ ló pa á síbẹ̀.

Láti ìgbà náà, bí ẹ̀rọ bá fẹ́ fa omi, á kọ́kọ́ kólòlò: m-m-m. Ìyá á ká ọwọ́ bo etí. Ọkọ rẹ̀ ní òun kò gbọ́ nǹkan kan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, dígí ńlá inú pálọ̀ fọ́ yángá. Ìyá sáré wọlé, ó bá ọmọ náà nìkan láàárín àfọ́kù. Láti ojú fèrèsé, ó ń rí aṣọ́nà tuntun tó ń bu omi sí òdòdó lẹ́bàá ọgbà.

"Ta ló fọ́ ọ?"

Ọmọ náà wò ó lójú kòrókòró, kò ṣẹ́jú.

"Aṣọ́nà ni, Mọ́mì. Ṣé kí n lọ sọ fún Dádì?"